Oòrùn Ọ̀sán, Iná Alẹ́

Bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ bá lù ní ọjọ́ iṣẹ́, iná mànàmáná a máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan ní Le Plateau, àárín gbùngbùn okòwò ìlú Àbíjàn ní Côte d'Ivoire. Àwọn tó ń sùn ní àdúgbò náà kò pé 10,000, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni èrò ń rọ́ wọ ibẹ̀ láti Yopougon, Abobo àti Adjamé, àti láti Treichville tó wà ní òdìkejì afárá Félix-Houphouët-Boigny, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn ní àjà kọ̀ọ̀kan, lífítì ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sinmi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èrò yìí kan náà á tún kọrí sí afárá. Ọ́fíìsì á tilẹ̀kùn, iná Le Plateau á rọlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ti Treichville ń bẹ̀rẹ̀: gílóòbù á tàn, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀, fáànù á máa fẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àbíjàn kò ju nǹkan bíi dìgírì márùn-ún lọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà ṣe, òjò ìbáà ṣe, oòrùn ibẹ̀ a máa yọ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà òwúrọ̀, a sì máa wọ̀ láàárín agogo mẹ́fà sí mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Àsìkò iṣẹ́ oòrùn àti àsìkò iṣẹ́ Le Plateau bára mu rẹ́gí. Ilé-ìfowópamọ́ tó bá to pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé rẹ̀ lè lo iná náà bó ṣe ń jáde, láìfi kankan pamọ́. Ìyá tó ń gbé ní Treichville kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń ràn, ọjà ló wà. Nígbà tó bá fi délé, oòrùn ti wọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló ń pinnu bí a ó ṣe ṣètò sólà ilé, ju iye pánẹ́ẹ̀lì lọ, ju orúkọ tó wà lára bátìrì lọ.

Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ sólà ni pé: "Ọ̀gá, pánẹ́ẹ̀lì mélòó ló máa tó mi?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í dáhùn ìyẹn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí ilé ń jẹ ni yóò kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ìgbà tí ilé ń jẹ ẹ́.

Ìdí wà tí sólà fi pẹ́ kó tó di ọ̀rọ̀ ilé ní Àbíjàn. Iná ìjọba ibẹ̀ dúró ju ti ọ̀pọ̀ aládùúgbò lọ. Dáàmù Ayamé lórí odò Bia ti ń ṣiṣẹ́ láti 1959, kí Côte d'Ivoire tó gba òmìnira. Kossou tẹ̀lé e ní 1972 àti Taabo ní 1979, àwọn méjèèjì lórí odò Bandama. Buyo sì dé ní 1980 lórí odò Sassandra. Orílẹ̀-èdè náà gbọ́kàn lé omi. Ọ̀dá tó jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló fi hàn pé omi nìkan kò tó gbọ́kàn lé: nígbà tó fi máa di 1983 sí 1984, dáàmù ti fà, wọ́n sì ń pín iná fún àwọn ará Àbíjàn bí ẹni ń pín omi lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yíjú sí gáàsì. Wọ́n dá iléeṣẹ́ iná onígáàsì CIPREL sílẹ̀ ní 1994, Azito sì tẹ̀lé e ní 1999. Dáàmù Soubré, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 275, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2017, orílẹ̀-èdè náà sì ń ta iná fún Mali àti Burkina Faso.

Ní 2021, ìṣòro méjì wá pàdé. Omi dáàmù lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan ní Azito sì bàjẹ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún náà, CIE, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún gbogbo ìlú láti 1990, ń kéde wákàtí tí iná yóò lọ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ta omi tútù, àwọn aránṣọ, àwọn onífótò, àwọn tó ń ta ẹja dídì, gbogbo wọn ló rí i pé iná tó dúró lánàá lè má dúró lọ́la.

Ìjọba náà ti ń wá ọ̀nà lọ́dọ̀ oòrùn. CI-Energies, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò iná orílẹ̀-èdè náà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Le Plateau, ló ni iléeṣẹ́ sólà ńlá àkọ́kọ́ ní Côte d'Ivoire. Boundiali ni wọ́n gbé e sí, ní àríwá réré, ibi tí ìkùukùu kò ti pọ̀ tó ti etíkun. Mẹ́gáwáàtì 37.5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọba lè yan ibi tí oòrùn ti ń ràn jù. Onílé kò lè gbé òrùlé rẹ̀ lọ sí Boundiali. Ohun tó wà lókè orí rẹ̀ ni yóò fi ṣírò.

Nǹkan méjì ni ilé ń fẹ́ lọ́wọ́ iná, àìmọ ìyàtọ̀ wọn ló sì ń ba ọ̀pọ̀ sólà jẹ́ láàárín ọdún kan. Àkọ́kọ́ ni agbára tí ohun èlò ń fà ní ìṣẹ́jú kan náà. Wáàtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Èkejì ni àpapọ̀ iná tó jẹ láti àárọ̀ dé àárọ̀ kejì. Èyí ni mítà ń kà, òun náà ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní yúnìtì. Wáàtì 1,000 tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ti jẹ yúnìtì kan. Kẹ́tù oníwáàtì 2,000 tó se omi tíì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì péré. Fáànù oníwáàtì 60 tó fẹ́ láti agogo mẹ́wàá alẹ́ di agogo mẹ́fà àárọ̀ jẹ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ìyẹn. Kẹ́tù ló ń da ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí ilé ń lò, láàmú. Fáànù ló ń mu bátìrì gbẹ. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù kẹ́tù tí kò bẹ̀rù fáànù yóò ra ínfátà ńlá àti bátìrì kékeré, òkùnkùn yóò sì bá a ní agogo méjì òru.

Àwọn oníbàárà CIE ti mọ apá kìíní láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Iye ámpù tí wọ́n fún ilé wà nínú àdéhùn: 5, 10, 15, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Iná ibẹ̀ jẹ́ fọ́ltì 220, nítorí náà ẹni tó gba ámpù 5 kò lè fà ju nǹkan bíi wáàtì 1,100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí kẹ́tù ń hó lọ́wọ́, disjoncteur, ìyẹn bíréékà ilé, á já, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Ínfátà sólà ní irú ààlà bẹ́ẹ̀.

Apá kejì wà lára bíìlì. Oṣù méjì-méjì ni bíìlì CIE ń dé. Kí a pín yúnìtì tó wà lára rẹ̀ sí ọjọ́ 61, a ti mọ ohun tí ilé ń jẹ lójúmọ́. Ẹni tó ń lo mítà tí a ń san owó rẹ̀ ṣáájú lè to rìsíìtì oṣù mẹ́ta jọ, kí ó ṣe ìṣirò kan náà. Ṣùgbọ́n bíìlì kì í sọ àkókò. Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tí oníṣẹ́ sólà kò sì lè bá onílé ṣe: kí ènìyàn ka mítà ilé rẹ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ó tún un kà ní agogo méje àárọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, pẹ̀lú Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Ìwé kékeré yẹn níye lórí ju ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a ń gbà lẹ́nu àwọn tó ń ta ọjà.

Ká wo ilé kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, yàrá méjì àti pálọ̀ kan ní Treichville. Gílóòbù LED mẹ́fà wà níbẹ̀, wáàtì 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tàn fún wákàtí márùn-ún: wáàtì-wákàtí 270. Fáànù yàrá méjì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lóru, ti pálọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún nírọ̀lẹ́, wáàtì 60 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 1,260. Tẹlifíṣọ̀n àti dìkódà rẹ̀ ń fa wáàtì 70 fún wákàtí márùn-ún, mẹ́rin nínú rẹ̀ lálẹ́: 350. Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kì í sùn, wáàtì 10 ní gbogbo wákàtí 24: 240. Fóònù mẹ́rin: 60. Fíríìjì tó mọ níwọ̀n: 1,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,180, ìyẹn nǹkan bíi yúnìtì 3.2 lójúmọ́, tàbí 194 lórí bíìlì oṣù méjì.

Fíríìjì ló ń tan ènìyàn jẹ jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n lè kọ wáàtì 120 sí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fà á ní gbogbo ìgbà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ń tan, ó ń kú, bí ooru ilé bá ṣe rí àti bí àwọn ọmọ bá ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí. Òmíràn tó ti gbó, tí rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ya, lè jẹ ìlọ́po méjì ohun tí tuntun ń jẹ. A kò lè fi ojú díwọ̀n èyí. Mítà kékeré kan wà tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a ó sì ki ohun èlò bọ òun náà. Kí a fi í sílẹ̀ lára fíríìjì fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, òtítọ́ á jáde.

Wàyí o, kí a pín 3,180 yẹn sí ọ̀sán àti òru. Láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí agogo méje àárọ̀, ilé náà ń jẹ gbogbo ti gílóòbù, gbogbo ti fáànù, èyí tó pọ̀ jù nínú ti tẹlifíṣọ̀n, ti fóònù, àti ìpín wákàtí 14 nínú ti fíríìjì àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì. Àròpọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,600. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná ilé náà ni a ń jẹ nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì kò ṣe nǹkan kan. Bátìrì nìyẹn, bátìrì ló sì ń gba owó jù nínú sólà ilé. Ọ́fíìsì Le Plateau kò ní irú ìṣòro yìí.

Kí a tó ra bátìrì, ó yẹ kí a dín òru kù. Fáànù DC tuntun tó ń fa wáàtì 30 ń fẹ́ atẹ́gùn bíi ti àtijọ́ tó ń fa 60. Tí a bá pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wáàtì-wákàtí 630 ti kúrò lórí bátìrì ní alẹ́ kan ṣoṣo. Kò sí owó tí a ná lórí sólà tó ń mówó wọlé kíákíá bẹ́ẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: mẹ́fà irú rẹ̀ fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 1,800, nígbà tí ti LED jẹ́ 270.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a gbé iṣẹ́ alẹ́ lọ sí ọ̀sán. Áyọ́ọ̀nù aṣọ iṣẹ́ lè jẹ́ ti ọ̀sán Sátidé dípò ààjìn. Pọ́ǹpù omi lè kún táǹkì láàárín agogo mọ́kànlá sí méjì. Èyí tó dára jù ni ti fírísà. Obìnrin tó ń ta omi tútù àti bissap, ìyẹn zobo, lè fi yìnyín ṣe bátìrì rẹ̀: kí fírísà ṣiṣẹ́ kárakára lọ́sàn-án títí ohun inú rẹ̀ yóò fi dì gbagidi, kí ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àkókò sì pa á láti agogo mẹ́wàá alẹ́ di ìdájí. Fírísà tó kún, tí ìdérí rẹ̀ ṣe pẹ́kípẹ́kí, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, kò ní yọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi dídì kò gbówó lórí tó bátìrì.

Nígbà yìí ni ọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì tó kàn. Pánẹ́ẹ̀lì ti rìn jìnnà láti 1954, nígbà tí àwọn onímọ̀ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tó ń sọ nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ìtànṣán oòrùn di iná. Ti òde òní ń sọ 20 sí 22. Ṣùgbọ́n wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, inú ilé àyẹ̀wò tí a mú kí ara rẹ̀ wà ní dìgírì 25 ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Lórí páànù Àbíjàn, ara pánẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé dìgírì 60 lọ́sàn-án, dìgírì kan tó bá sì lé ń jẹ nǹkan bí ìdá 0.35 sí 0.4 nínú 100 agbára rẹ̀. Ìyẹn nìkan lè gba ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Fún ìdí yìí, kí atẹ́gùn máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Kí a má lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù.

Oṣù wo ni a ó fi ṣírò? Oṣù tó burú jù. Òjò ńlá Àbíjàn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó sì ń rọ̀ jù ní oṣù kẹfà. Kódà nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró ní oṣù kẹjọ, ìkùukùu kì í fi ojú ọ̀run sílẹ̀. Ẹni tó bá fi oòrùn oṣù kejì wọn sólà rẹ̀ yóò máa yọ̀ di àsìkò Àjíǹde, yóò sì máa ṣàròyé di oṣù kẹsàn-án. Kí a fi wákàtí oòrùn kíkún 3.5 lójúmọ́ ṣe ìṣirò oṣù búburú, kí a sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, eruku, wáyà àti ohun tó ń ṣòfò nínú bátìrì. Ilé wa tó ń jẹ 3,180 nílò nǹkan bíi wáàtì 1,210. Pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 450 mẹ́ta, tó jẹ́ 1,350, yóò tó o, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù.

Ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn ènìyàn ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kì í ṣe fún wa: pé kí pánẹ́ẹ̀lì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dìgírì 30 tàbí 35. Jámánì àti Faransé ni ìyẹn wà fún, níbi tí oòrùn kì í ti í gòkè púpọ̀. Ní Àbíjàn, òkè orí gan-an ni oòrùn ń gbà kọjá, àríwá ìlú náà ló sì ń gbà lọ́sàn-án láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Dìgírì 10 tó kọjú sí gúúsù ti tó. Ìdí pàtàkì tí a fi ń dà á díẹ̀ ni pé kí òjò lè wẹ eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Òjìji ni ọ̀tá tó burú jù, Le Plateau sì kún fún un. Àwọn tó ń gbé ní ilé àtijọ́ alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín àwọn ilé gogoro lè ní òrùlé tó fẹ̀ dáadáa, kí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì máa da òjìji bò ó láti agogo méjì ọ̀sán. Nítorí pé a ń so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn ní tẹ̀léra, òjìji tó bo apá kékeré lára ọ̀kan lè fa agbára gbogbo wọn sílẹ̀. Kí a gun òrùlé ní agogo mẹ́sàn-án, ní ọjọ́kanrí àti ní agogo mẹ́rin, kí a sì wo ibi tí òjìji ń dé, kí a tó gbẹ́ ihò kan. Ilé alájà púpọ̀ tún ní ìṣòro mìíràn: ìdílé ogún lè wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tó lè gba òrùlé gbogbo ènìyàn fún ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni àdéhùn láàárín àwọn olùgbé ti ṣáájú wáyà. Atẹ́gùn òkun àti ti ọ̀sà Ébrié sì ní iyọ̀ nínú; ìdè àti bóòtù irin lásán yóò dípẹtà láàárín ọdún díẹ̀, nítorí náà kí a béèrè irin tí kì í dípẹtà.

Bátìrì ilé wa gbọ́dọ̀ gbé 2,600 di àárọ̀. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní LFP ṣeé lò dé ìdá 80 nínú 100 láìṣe é léṣe. Tí a bá tún yọ ohun tí ínfátà ń jẹ, nǹkan bíi 3,600 ni a nílò. Ẹyọ kan tó jẹ́ fọ́ltì 48, ámpù-wákàtí 100, ní nǹkan bíi 4,800, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún alẹ́ tí òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án. Ti lẹ́ẹ̀dì kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì lọ. Nítorí ìyẹn, ilé kan náà nílò mẹ́rin oní-fọ́ltì 12 àti ámpù-wákàtí 150, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 7,200. Ooru ń pa ti lẹ́ẹ̀dì kíákíá: nǹkan bíi dìgírì 10 tó bá lé lórí 25 ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù sí ìdajì. Ẹni tó gbé e sí bálíkónì níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn sí ti ń jó owó rẹ̀ níná. Kò sì yẹ kí ó wà ní yàrá tí ènìyàn ń sùn, nítorí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná lè gbiná.

Ti ínfátà kò le. Tí gbogbo ohun tó wà ní ilé yẹn bá tan papọ̀, wọn kò ju nǹkan bíi wáàtì 480 lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríìjì bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ínfátà oní-1.5 kVA yóò gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù lọ́sàn-án kó gba 2 kVA.

Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń da gbogbo ìṣirò yìí rú. Ọ̀kan oní-họ́ọ̀sì kan tó bá ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 600 ní ìdọ́gba fún wákàtí mẹ́jọ lóru jẹ 4,800, tó ju ti gbogbo ilé lọ. Yóò béèrè bíi pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin mìíràn àti bátìrì tó tó 6,700 ní àfikún. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán-ilé tó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé Le Plateau ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 fi asà kọnkéré síwájú fèrèsé kí oòrùn má bàa wọlé tààrà, ohun tí wọ́n mọ̀ sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí a kun òrùlé ní funfun, kí a fi asà síwájú fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí a ṣí ọ̀nà fún atẹ́gùn láti wọ̀ kí ó sì jáde: yàrá tí kò gbóná lọ́sàn-án kì í béèrè púpọ̀ lóru.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá Àbíjàn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ní ilé méjì. Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Côte d'Ivoire ti so pọ̀ láti ìgbà àwọn baba ńlá. Bọ́ọ̀sì ń lọ tààrà láti Èjìgbò sí Àbíjàn, èdè Faransé kì í sì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò. Owó tí a pa ní Treichville àti Adjamé ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé alájà níbẹ̀. Nígbà tí onílé bá fẹ́ ra sólà, ó sábà máa ń ra irú kan náà fún ilé méjèèjì. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní Àbíjàn, iná ìjọba wà lọ́pọ̀ ìgbà. Sólà ibẹ̀ wà láti dín bíìlì kù àti láti gba ilé là nígbà tí iná bá lọ, nítorí náà bátìrì alẹ́ kan ti tó. Tí oòrùn bá kùnà, CIE wà. Ní Èjìgbò, ọ̀dọ̀ IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná níbẹ̀, ni iná ti ń wá, ó lè má dé fún ọjọ́ pípẹ́. Owó rẹ̀ pàápàá ti yàtọ̀: ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba Nàìjíríà gbé iye yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná tó pọ̀ jù fún, láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225, kò sì tíì pé ọdún kan nígbà náà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tó sọ jẹnẹrétọ̀ di nǹkan olówó ńlá. Bátìrì Èjìgbò gbọ́dọ̀ lè gbé òru méjì, pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti kún un padà ní ọ̀sán kan tó dára.

Ta ló sì ń gbé inú ilé náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ kan tàbí méjì ni, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ. Ohun tí wọ́n ń lò kò ju gílóòbù mẹ́rin, fáànù méjì, rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì kékeré lọ. Nígbà ọdún Ògìyán tàbí Iléyá, ogún ènìyàn á dé láti Àbíjàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fẹ́ tan gbogbo yàrá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a wọn sólà mọ́ ọ̀sẹ̀ ọdún. Bátìrì ńlá tí ẹnikẹ́ni kò lò fún oṣù mọ́kànlá ń darúgbó lójú oorun, ti lẹ́ẹ̀dì tí a fi sílẹ̀ láìkún sì ń kú pátápátá. Kí a wọn ọ́n mọ́ ìyá tó wà nílé lójoojúmọ́, kí a yá jẹnẹrétọ̀ fún ọ̀sẹ̀ ọdún. Kí a tún kọ́ ẹnì kan nínú ilé bí a ṣe ń nu pánẹ́ẹ̀lì àti bí a ṣe ń ka ohun tí ínfátà ń sọ, nítorí onílé wà ní Àbíjàn.

Ohun kan ṣì kù tó ń bí àwọn olùrà nínú. Irú ínfátà kan wà tó ń bá iná ìjọba ṣiṣẹ́ pọ̀ láìní bátìrì. Ó dára fún ọ́fíìsì, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí iná ìjọba bá lọ, òun náà á kú lẹ́sẹ̀ kan náà, kódà kí oòrùn máa mú ganrínganrín. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí iná má bàa gba orí wáyà padà lọ pa òṣìṣẹ́ tó ń tún òpó ṣe. Ẹni tó ń ra sólà nítorí pé iná ń lọ kò gbọ́dọ̀ ra irú yẹn nìkan. Èyí tó lè gba iná ìjọba, pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì pọ̀ ni kó béèrè. Òfin iná tí Côte d'Ivoire ṣe ní 2014 gba ènìyàn láyè láti ṣe iná tí yóò lò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ so ó pọ̀ mọ́ wáyà CIE ní láti kọ́kọ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tọ́jú owó sólà, ẹ má ì tíì san án. Ẹ ka mítà yín ní ìrọ̀lẹ́ àti ní àárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé ìwé náà lọ bá oníṣẹ́, kí ẹ sì ní kí ó kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún yín: yúnìtì tí ẹ ń jẹ lóru, oṣù tó fi ṣírò oòrùn, àti wákàtí tí bátìrì yóò gbé yín. Oníṣẹ́ tí kò bá lè kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá ẹlòmíràn.